Mo fẹ́ gbé Road Runner 1968 rin Route 66 dé òpin: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Plymouth:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Plymouth Road Runner 1968 ni mo ní, ẹ́ńjìnnì 383 tó bá a jáde náà ló ṣì wà nínú ẹ̀, gíà mẹ́rin tá à ń fọwọ́ jáa, bíréèkì dúrọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ́ntáàtì sẹ́ẹ̀tì (irin kékeré tó ń já iná kí plọ́ọ̀gì lè tanná) ló ṣì wà nínú disitiríbútọ̀. Ẹni tó ni ín kó tó kàn mí ti yọ gíà ìdí ẹ̀, ó fi 3.91 síbẹ̀, ìyẹn ni pé ṣáàfù á yí lọ́nà 3.91 kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ gbé e láti Chicago lọ sí Santa Monica lójú ọ̀nà Route 66 àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ìrìn yẹn sì lé ní 2,400 máìlì. Kò ní ìṣòro kankan nínú ìgboro o, mo máa ń gbé e lọ síbi táwọn èèyàn ti ń pàtẹ mọ́tò lópin ọ̀sẹ̀, ó ń dún dáadáa, ó sì ń fò. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dárúkọ ìrìn yìí, ńṣe làwọn èèyàn á máa wò mí bíi pé orí mi ò pé. Kí ni kí n ṣe sí i kó tó gbéra, kí ni kí n kó sí búùtù? Ẹ má fi nǹkan kan bò fún mi o, ìyàwó mi náà ń ka ibí yìí.

Ẹ̀gbọ́n_Títì:
Àbúrò, kò sóhun tó ṣe orí ẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe àwọn mọ́tò yìí, òun làwọn èèyàn ń gbé lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń kó ọmọ sí lọ sí ìlú mìíràn. Pé ó ti dàgbà kọ́ ni wàhálà, ìjókòó gáréèjì ni wàhálà. Á jókòó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n á gbé e jáde fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tì í padà. Rọ́bà ń gbẹ, epo ń dì nínú kábúrétọ̀, ẹnu wáyà ń dípẹtà, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ torí ogún ìṣẹ́jú ò tó kí àṣírí tú. Wákàtí mẹ́fà lójú títì nínú oòrùn ló ń tú u.

Nítorí náà ohun tí màá kọ́kọ́ sọ kì í ṣe pé kó o lọ ra nǹkan. Gbé mọ́tò yẹn jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan tó móoru, máa wà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, títì gidi ni mò ń wí o, kì í ṣe àdúgbò, kó o sì máa sá eré tó o fẹ́ máa sá nínú ìrìn yẹn gan-an. Tó o bá délé, tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ kó o lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, wo ohun tó kán sórí páálí: àwọ̀ ewé, omi rédíétọ̀ nìyẹn, dúdú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, èyí tó nípọn tó ń rùn bí imí-ọjọ́, gíà ni tàbí ìdí mọ́tò. Tún un ṣe, kó o tún gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohunkóhun tó o bá sì fẹ́ pààrọ̀, pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tó bá ṣì ku oṣù kan dáadáa. Nǹkan tuntun tí wọ́n so mọ́ mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ tílẹ̀ á mọ́ tí wọ́n á gbéra, òun ló máa ń já síni lọ́wọ́ jù.

383 yẹn á gbé ẹ débẹ̀, á tún gbé ẹ bọ̀. Hóòsì tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan ló máa ń dá irú ẹ̀ dúró.

Àǹtí_GTO:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n gba ti ooru sọ, torí èmi Pontiac GTO 1966 ni mò ń wà, mo sì mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì ńlá nínú ihò kékeré máa ń ṣe.

Kẹ́ ẹ tó lọ kówó lé rédíétọ̀ alumíníọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbà tó máa ń gbóná. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń gbóná, afẹ́fẹ́ ni kò tó, ẹ wo fáànù, ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì fáànù, ẹ wo ṣíráọ̀dù tó yí fáànù ká bóyá ẹnì kan ti yọ ọ́ jù nù kí ẹ́ńjìnnì lè rẹwà (wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, torí pàtẹ mọ́tò). Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orí eré ló ti ń gbóná, tó wá ń balẹ̀ tẹ́ ẹ bá dẹwọ́, omi ni kò rìn. Rédíétọ̀ ti dí nìyẹn, tàbí bẹ́líìtì ń yọ̀, tàbí hóòsì ìsàlẹ̀ ló ń fún pọ̀. Ti hóòsì ìsàlẹ̀ yẹn ló ń fi ojú àwọn mẹkáníìkì rí nǹkan, torí wọ́tà pọ́ọ̀mpù ń fà á mu látinú ni, tí kò bá sí sípíríìnì nínú ẹ̀ tó dì í mú, tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré á pa pọ̀ pẹlẹbẹ, ẹ̀ báà gbé e dúró kẹ́ ẹ máa wò ó títí ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ dé 3,000 (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) nígbà tó bá ti gbóná, kẹ́ ẹ wá wò ó.

Ẹ ra ìdérí rédíétọ̀ tuntun, 16 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ìdérí fi ń tẹ omi mọ́lẹ̀). Psi kan tí ìdérí yẹn bá dì mú ń sún ìgbà tí omi máa hó síwájú ní nǹkan bíi dígírì 3 Fahrenheit. Omi àti coolant ní ìlàjì sí ìlàjì lábẹ́ 15 psi ò ní hó títí á fi fẹ́ẹ̀ dé 265°F, ṣùgbọ́n tí rọ́bà abẹ́ ìdérí bá ti sán, gbogbo ìyẹn ti lọ.

Ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ yọ tómósitáàtì. Ti 180°F ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé abẹ́rẹ́ ń gòkè láàárín aginjù, ẹ ṣí hítà pátápátá kẹ́ ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ ó làágùn o, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré kejì lẹ ti ṣí yẹn.

Sunday_Pẹ́ẹ̀ntì:
Ẹ̀rù hítà yẹn ló ń bà mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí o 😂 aginjù Mojave nínú oṣù keje, ẹnì kan ní kí n ṣí hítà

Àǹtí_GTO:
Ẹ má lọ nínú oṣù keje nígbà náà. Ní Needles, ìlú kan nínú aginjù yẹn, wọ́n máa ń rí 100°F kọjá bí ẹní rí ohun ojoojúmọ́ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Oṣù karùn-ún tàbí ìparí oṣù kẹsàn-án ló dáa fún mọ́tò tí kò ní ẹ́síì. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ lọ nígbà ooru, ẹ ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí oòrùn tó yọ, kẹ́ ẹ ti dúró kó tó di aago méjì ọ̀sán.

Wáyà_Gbígbóná:
Mopar ni mọ́tò ẹ, ìyẹn mọ́tò ilé iṣẹ́ Chrysler, torí náà ọ̀rọ̀ tèmi kan ẹ gan-an. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wo ara ògiri irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó. Wàá rí nǹkan funfun kan bíi táńgánrán, ó gùn tó ìka ọwọ́, wáyà wọ ibi kan lára ẹ̀, wáyà jáde níbi kejì. Ballast resistor nìyẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín iná tó ń lọ sí kọ́ìlì kù kí kọ́ntáàtì má bàa jó. Iṣẹ́ ẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n ó máa ń já láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Bó o ṣe máa mọ̀ rèé: o yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì gbá, ó dún, bó o ṣe jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ báyìí ó kú. O tún yí i, ó tún dún, o jọ̀wọ́ ẹ̀, ó kú. Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ torí pé nígbà tó o bá ń sítáàtì, iná gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé kọ́ìlì láìkan resistor, tó o bá wá jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ ni iná yóò gba inú ẹ̀, inú ẹ̀ sì ti já. Àìmọye èèyàn ló ti tìtorí ẹ̀ pe ọkọ̀ afàkọ̀, tí wọ́n ra fúẹ́lì pọ́ọ̀mpù tuntun lásán. Ra méjì, ju ọ̀kan sínú àpótí iwájú ìjókòó ìyàwó wa, kò ju pé kó o tú bóòtù kan kó o sì yí wáyà méjì.

Ìkejì, ámítà inú dáṣíbọ́ọ̀dù, gééjì tó ń fi iná bátìrì hàn. Iná tó ń wọ bátìrì àti èyí tó ń tinú ẹ̀ jáde, yàtọ̀ sí ti sítáàtà, ihò ámítà ló ń gbà kọjá, ó sì tún gba ibi tí wáyà ti wọ inú láti ibi ẹ́ńjìnnì. Tọwọ́ bọ ibẹ̀, yọ ọ́, wò ó. Tí ike ẹ̀ bá ti pọ́n rúsúrúsú tàbí tó ti yọ́, má gbéra. Nu ẹnu wáyà, di nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ámítà. Tí bátìrì bá kú pátá, fi ṣájà gbé e dìde, má fi ẹ́ńjìnnì ṣájì ẹ̀ lọ́nà, torí iná ńlá tó máa gba ibẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́ yẹn ló ń jó nǹkan. Kó o sì fi rìléè sí iná iwájú, wàá ríran lálẹ́, swíìṣì náà á sinmi.

Kọ́ntáàtì_Lásán:
Èmi ń retí ẹni tó máa ní kó yọ kọ́ntáàtì sẹ́ẹ̀tì kó fi ẹlẹ́kitiróníìkì sí i. Àbúrò má dá wọn lóhùn. Kọ́ntáàtì tó bá fẹ́ kú máa ń ṣàìsàn kó tó kú: á máa gbọ̀n, á máa pàdánù iná lórí òkè, wàá ti mọ̀. Ẹlẹ́kitiróníìkì, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó kú, ó parí, kò sóhun tó o lè fi fáìlì nù. Kọ́ntáàtì sẹ́ẹ̀tì kan, kọndẹ́ńsà kan, skrúdiráfà kan, fílà gééjì 0.018 íǹṣì láti wọn àlàfo ẹ̀, o ti padà sójú títì. Tí fílà gééjì bá sọnù, páálí ìṣáná á ṣe é títí wàá fi délé.

Wáyà_Gbígbóná:
Kọndẹ́ńsà tuntun ńkọ́, bàbá? Àwọn tí wọ́n ń tà báyìí, òmíì nínú wọn kì í dé òpin ọ̀sẹ̀.

Kọ́ntáàtì_Lásán:
Ìyẹn lo fi máa wá èyí tó ti pẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀fù. Tàbí kó o fi èyí tó o bá rà sínú mọ́tò kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kó o wá yọ ọ́ sínú àpótí. Apá ara mọ́tò tí wọn ò tíì dán wò, àdúrà ni, kì í ṣe sípéà.

Ẹ̀gbọ́n_Títì:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi. Tó bá fẹ́ ẹlẹ́kitiróníìkì, kó fi sí i báyìí, kó wà á títí, kó sì kó kọ́ntáàtì àti pálétì ẹ̀ tó ti tò sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí búùtù. Inú disitiríbútọ̀ kan náà ni méjèèjì ń wọ̀. Kó sì fi gíríìsì díẹ̀ sára káàmù disitiríbútọ̀ ṣá, àìsí gíríìsì yẹn ló ń jẹ kọ́ntáàtì tán tí àlàfo ẹ̀ á fi pa dé.

Oníṣirò:
Kò tíì sẹ́ni tó fẹnu kan 3.91 yẹn. Ẹ gbé e yẹ̀wò: eré tẹ́ ẹ̀ ń sá ní máìlì, ẹ fi gíà ìdí lù ú, ẹ fi 336 lù ú, kẹ́ ẹ fi gíga táyà ní íǹṣì pín in. Tí táyà ẹ̀ bá jẹ́ 27 íǹṣì, ní 70 máìlì, ẹ́ńjìnnì ẹ á máa yí ní nǹkan bíi 3,400. 3.23 tí ọ̀pọ̀ Road Runner 383 bá jáde nílé iṣẹ́, 2,800 ni. Kò ní fọ́ o, 383 lè yí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n epo, ooru, àti etí ẹ̀yin méjèèjì! Ariwo 3,400 nínú mọ́tò tí wọn ò fi nǹkan kan dí nínú, tẹ́ ẹ bá fi máa dé hòtẹ́ẹ̀lì ẹ ò ní lè gbọ́ ohun tí ara yín ń sọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. O lè wá gíà 3.23 kó o fi rọ́pò, ó rọrùn lára Mopar torí gbogbo odindi ẹ̀ ló ń jáde láti iwájú, àwọn kan tiẹ̀ ní méjì nílé, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀. O lè fi gíà márùn-ún Tremec sí i, èyí tí gíà karùn-ún ẹ̀ jẹ́ 0.68, 70 máìlì á wá bọ́ sí 2,300, ó dùn gan-an ṣùgbọ́n owó ńlá ni, wọ́n sì sábà máa ń gé ilẹ̀ mọ́tò kó tó gba ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kó o ṣe jẹ́jẹ́.

Àǹtí_GTO:
Ẹ̀kẹta yẹn lèmi fara mọ́ fún ìrìn yìí. Route 66 ni wọ́n ń lọ, kì í ṣe eré ìje. Láti 1926 lọ́nà yẹn ti wà, wọ́n yọ nọ́mbà ẹ̀ kúrò lọ́dún 1985, èyí tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ gba àárín ìlú kéékèèké kọjá, ibi tẹ́ ẹ ó ti máa sá 45, 55. Ní 55, 3.91 ò dé 2,700. Wàhálà wà níbi tí òpópónà ńlá I-40 ti gbé ọ̀nà àtijọ́ mì ní New Mexico àti Arizona, ibẹ̀ àwọn tírélà ń sá 75, ẹ bọ́ sí lééènì ọ̀tún kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọjá. Kẹ́ ẹ sì ṣí GPS lórí fóònù, torí níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ gíà ìdí yẹn tàbí táyà, tí wọn ò bá pààrọ̀ gíà kékeré tó ń yí wáyà spídómítà, irọ́ ni abẹ́rẹ́ yẹn ń pa.

Awakọ̀_Òkè:
Dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà fún mi.

Bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ń mú mọ́tò dúró dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì náà. Lórí òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, irin dúrọ́ọ̀mù á gbóná, á fẹ̀ sẹ́yìn kúrò lára ṣúù, ẹsẹ̀ ẹ á máa lọ sílẹ̀ sí i, wàá máa tẹ̀ ẹ́, mọ́tò á máa lọ. Láàárín Kingman àti Oatman ní Arizona, ọ̀nà àtijọ́ yẹn gun Sitgreaves Pass, kọ́nà lórí kọ́nà, ibòmíì ò sí irin ìdènà létí ẹ̀, ọ̀gbun ló wà nísàlẹ̀. Láyé ìjọ́un, àwọn kan máa ń sanwó fún ará ibẹ̀ kó bá wọn wa mọ́tò wọn kọjá. Tẹ́ ẹ bá ti dé orí ẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti jáa gíà sí méjì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, gíà tẹ́ ẹ fi gòkè náà ni kẹ́ ẹ fi sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa di mọ́tò mú. 3.91 tí ẹ̀ ń bú yẹn, níbẹ̀ lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì dáadáa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀ pátápátá kó fẹ́ atẹ́gùn, ẹ má gbẹ́sẹ̀ lé e fẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Oatman, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n máa dá yín dúró, àárín títì ni wọ́n ń gbé.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ fa òróró bíréèkì jáde pátá kẹ́ ẹ da tuntun sí i. DOT 3 tuntun kì í hó títí di 401°F, ṣùgbọ́n ó ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, èyí tó bá ti fa omi tó, 284°F ló ti lè hó, tó bá sì ti hó, atẹ́gùn lẹ̀ ń tẹ̀. Hóòsì rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lọ sí ẹsẹ̀ táyà, ẹ pààrọ̀ wọn, ọjọ́ orí wọn lè ju tiyín lọ. Tó o bá lówó fún nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tá a sọ níbí, fi bíréèkì dísíìkì sí iwájú.

Epo_Mọ́tò:
Kí n fi tèmi kún un, ó pọ̀ díẹ̀ o. Epo tí wọ́n ń tà báyìí ní Amẹ́ríkà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ethanol. Ethanol ń jẹ rọ́bà àtijọ́, nítorí náà gbogbo hóòsì epo láti táńkì dé kábúrétọ̀, wá èyí tí wọ́n kọ SAE 30R9 sí lára, kó o sì pààrọ̀ wọn, torí iná ló ń tinú hóòsì epo tó sán jáde. Epo òde òní tún ń tètè di oru. 383 ẹ, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló ń yí fúẹ́lì pọ́ọ̀mpù, ara ẹ̀ ló wà, ó ń fa epo láti ẹ̀yìn, tó bá gbóná jù, oru ló máa fà dípò epo, mọ́tò á máa kọsẹ̀, á kú. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní vapor lock. Àwọn bàbá kan á ní kó o fi pẹ́ẹ̀gì onígi tí wọ́n fi ń sá aṣọ há páìpù epo, má dá wọn lóhùn, igi ò lè tu nǹkan kan. Aṣọ tútù lórí pọ́ọ̀mpù, ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Kó má tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ ló dáa: gbé páìpù epo jìnnà sí ẹ́ńjìnnì, fi ike tó nípọn sáàárín kábúrétọ̀ àti ibi tó jókòó lé.

Tẹ́ ẹ bá dúró jẹun, tẹ́ ẹ padà dé tó kọ̀ láti dún, epo inú kábúrétọ̀ ló ti hó sínú ẹ́ńjìnnì. Má fẹsẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹwàá bí wọ́n ṣe ń ṣe láàárọ̀. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátá, fi ẹsẹ̀ síbẹ̀, máa sítáàtì, á dún.

Epo tí octane ẹ̀ jẹ́ 91 sókè ni kó o máa rà, mọ́tò tí compression ẹ̀ (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀) jẹ́ 10 sí 1 ò fẹ́ràn epo regular. Tó o bá gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nígbà tó bá ń gun òkè, dẹwọ́ lójú ẹsẹ̀, kó o dá táímìn sẹ́yìn ní dígírì bíi méjì. Tẹ́ ẹ bá yà sí Colorado, ẹ lajú o, 85 ni wọ́n ń pè ní regular níbẹ̀. Lórí òkè gíga kábúrétọ̀ á máa mu epo jù torí afẹ́fẹ́ ò tó, agbára ẹ́ńjìnnì sì ń dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fún gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tẹ́ ẹ bá gùn, kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́.

Ọ́ìlì: káàmù àti lífítà irú ẹ́ńjìnnì yẹn ń fẹ́ zinc, ọ̀pọ̀ ọ́ìlì mọ́tò tuntun ti dín in kù. Wá èyí tí wọ́n ṣe fún mọ́tò àtijọ́, kó o kó tó gálọ́ọ̀nù kan dání torí o lè má rí i ní gbogbo ìlú. Gbogbo ìgbà tó o bá ra epo ni kó o fa gééjì ọ́ìlì wò.

Táńkì ẹ jẹ́ gálọ́ọ̀nù 19. Pẹ̀lú 3.91, ká ní ó ń rin máìlì 12 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Nítorí náà tó bá ti rin 150, ra epo, má wo gééjì, gééjì epo mọ́tò àtijọ́ ò ṣe é gbára lé. Lórí 66 epo wà dáadáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba I-70 padà wálé, láàárín Green River àti Salina ní Utah, ó lé ní 100 máìlì tẹ́ ẹ ò ní rí ilé epo kankan.

Sunday_Pẹ́ẹ̀ntì:
Léèdì ńkọ́? Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì 1968 ò lè rin ọ̀nà jíjìn láìsí epo tó ní léèdì, pé ìjókòó fáàfù á jẹ wọnú.

Epo_Mọ́tò:
Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di iwin. Léèdì ló ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù tí irin ẹ̀ ò le, tí wọ́n bá sì fẹ́ jẹ, orí eré gígùn pẹ̀lú ẹrù ni wọ́n ti ń jẹ, kì í ṣe nínú ìgboro. Láti 1996 ni wọ́n ti ka léèdì léèwọ̀ nínú epo mọ́tò títì lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú látìgbà náà ni wọ́n ti fi ìjókòó líle sí. Bi ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì ẹ ṣe. Tí kò bá sẹ́ni tó mọ̀, wọn compression gbogbo ẹ̀ kó o tó lọ, kọ ọ́ sílẹ̀, tún wọ̀n ọ́n tó o bá dé. Ìrìn kan ò ní pa á.

Ìyàwó_Plymouth:
Ẹ kú àlàyé o. Èmi ni ìyàwó ẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti sọ, ti mọ́tò ni. Tèmi ńkọ́? Tá a bá ti jókòó wákàtí méjì nínú nǹkan yẹn, ẹsẹ̀ mi á máa jó, etí mi á máa hó, gbogbo aṣọ mi á máa rùn epo.

Àǹtí_GTO:
Ìyàwó wa, ẹ kú ìfaradà 😄. Òórùn epo yẹn, ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé bí mọ́tò àtijọ́ ṣe ń rùn nìyẹn. Yálà rọ́bà ìdí búùtù ti gbó tí èéfín sáléńsà ń gba ẹ̀yìn wọlé, tàbí hóòsì ẹnu táńkì ti sán. Èéfín yẹn lè pa èèyàn lójú oorun, kó tún un ṣe kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ má gbà á lẹ́bùn. Ti ẹsẹ̀: kó ká kápẹ́ẹ̀tì, kó lẹ ohun tó ń dí ooru àti ariwo mọ́ ilẹ̀ àti ògiri iwájú, kó di gbogbo ihò tí wáyà gbà kọjá. Fọ́ọ̀mù ìdí etí, ẹ kó o dání, èmi máa ń lò ó, ó sì máa ń dín àárẹ̀ kù ju béèyàn ṣe rò lọ. Bẹ́líìtì ìjókòó, ẹ fà á wò dáadáa, aṣọ ẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ jẹ́ kó ra tuntun tó ní ti èjìká.

Kẹ́ ẹ sì fún un ní òfin: 250 máìlì lóòjọ́, tó bá pọ̀ jù 300. Ẹni tó bá ń sá 500 lóòjọ́ nínú mọ́tò yẹn, kò ní rí Route 66 kankan, títì nìkan ló máa rí.

Ọmọ_Plymouth:
Àǹtí, ẹ ti bá mi dé o, ó ti kọ 250 yẹn sórí fíríìjì. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Táyà mi ò tíì jẹ rárá, ṣé ìyẹn wà lálàáfíà?

Awakọ̀_Òkè:
Táyà tí kò jẹ rárá lára mọ́tò pàtẹ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀: 2318, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 nìyẹn. Tó bá jẹ́ nọ́mbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kó tó di ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣe é, kó o má tiẹ̀ fi í dé òpópónà kejì. Tó bá ti ń lé ní ọdún mẹ́fà, kí ẹni tó mọ táyà bá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá ti tó mẹ́wàá, jù ú nù, bó ti wù kó dán tó. Wo ti sípéà náà, torí sípéà ló máa ń jẹ́ bàbá gbogbo wọn. Kó o fi gíríìsì tuntun sí bérìn iwájú, kó o fọwọ́ gbọn ṣáàfù gígùn wò bóyá jọ́ìǹtì ẹ̀ ń mì.

Ohun kan tún wà lára Mopar 1968 tí àwọn vulcanizer òde òní ò mọ̀. Táyà ọwọ́ òsì, ọwọ́ òsì awakọ̀ ni mò ń wí, òdìkejì ni nọ́ọ̀tì ẹ̀ ń tú sí. Chrysler ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 1970. Wo orí bóòtù ẹ̀, wàá rí L. Tí ẹni tó fẹ́ bá ẹ pààrọ̀ táyà bá gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn lé e láìmọ̀, ńṣe ló máa ń dì í le, kò ní dẹ́kun títí bóòtù á fi kán. Kọ ọ́ sórí páálí kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú búùtù: ỌWỌ́ ÒSÌ, YÍ I SÍ APÁ Ọ̀TÚN KÓ TÚ. Kó o kọ ọ́ lédè òyìnbó o.

Ẹ̀gbọ́n_Títì:
Ti búùtù: jáàkì kékeré oní-òróró àti pákó tó máa jókòó lé (má gbára lé jáàkì bọ́ńpà tó bá a jáde, ó máa ń yọ̀), sípánà tó bá mọ́tò yẹn mu gan-an, ìyẹn ti íǹṣì, kì í ṣe mìlímítà, fánbẹ́líìtì, hóòsì òkè àti ìsàlẹ̀, wọ́tà pọ́ọ̀mpù tó o bá ní, fúẹ́lì pọ́ọ̀mpù, rótọ̀ àti ìdérí disitiríbútọ̀, plọ́ọ̀gì méjì, fíúùsì, wáyà gígùn kan, táípù, wáyà irin tí wọ́n fi ń di nǹkan, omi gálọ́ọ̀nù méjì, tọ́ọ̀ṣì orí, aṣọ àtijọ́ láti dùbúlẹ̀ lé, àti ẹ̀rọ panápaná. Panápaná yẹn, kì í ṣe búùtù ni kó wà, abẹ́ ìjókòó rẹ, níbi tí ọwọ́ máa tètè tó o. Sípéà Mopar 383 ò sí ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo ìlú bíi ti Chevy 350, òun ni mo fi ní kó o kó wọn dání, ẹni tó ń wa Camaro ì bá fi ààbọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Lálẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, yọ rótọ̀ inú disitiríbútọ̀ sínú àpò, ṣókótó ẹ ni kó sùn. Olè tó bá fẹ́ gbé e á ní láti ru ú. Ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀ tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí i. Ìnṣọ́ránsì mọ́tò àtijọ́, ka ìwé ẹ̀ dáadáa kó o tó lọ, òmíì fi òpin sí máìlì tó o lè rìn lọ́dún, òmíì ò fẹ́ kí mọ́tò sùn níta. Ẹgbẹ́ afàkọ̀ tó o bá wà, bi wọ́n léèrè máìlì mélòó ni wọ́n máa fà ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kó o sì ní flatbed, ọkọ̀ tó ń gbé odindi mọ́tò sẹ́yìn, nìkan lo fẹ́.

Ọmọ_Plymouth:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Oṣù kẹsàn-án la fi sí báyìí. Dísíìkì iwájú, mo ti sọ fún mẹkáníìkì, hóòsì epo náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Mo lọ wo bóòtù táyà ọwọ́ òsì iwájú, mo rí L lórí mẹ́rin, ẹ̀karùn-ún ò ní nǹkan kan lórí. Ṣé ó lè jẹ́ pé ó ti pa rẹ́ ni?

Awakọ̀_Òkè:
Kò pa rẹ́ o. Ẹnì kan ti kán ọ̀kan nígbà kan, ó fi bóòtù lásán rọ́pò ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìyẹn ń yí sí. Bó o bá ṣe máa fi dísíìkì síwájú náà, họ́ọ̀bù tuntun á bá a wá, bóòtù tuntun á wà lára ẹ̀, wo ibi tí wọ́n ń yí sí kó o tó ra nọ́ọ̀tì. Lọ ka ti ẹ̀yìn ọwọ́ òsì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó o bá rí irú ẹ̀ níbẹ̀, jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kí márààrún jọra. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀yìn ṣì ń tú sí apá ọ̀tún, tí iwájú ń tú sí apá òsì bíi ti mọ́tò yòókù, tún páálí inú búùtù yẹn kọ.

Ọmọ_Plymouth:
Mo ti kà á. Ẹ̀yìn, L ni márààrún. Mò ń lọ tún páálí kọ.